Gàárì fún fífo igi àti fún ọ̀nà oko: ẹṣin mi kọ̀ láti fò, ẹ gbà mí

Awọnlẹ̀ Ìtokò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, Ìtokò ni ilé mi wà níbí l'Abẹ́òkúta, oko ọ̀rẹ́ mi kan lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni mo so ẹṣin mi sí. Ọmọ ọdún 49 ni mí. Mo ga, itan mi gùn, mo sì wọn kílò 94 nígbà tí mo gun òṣùwọ̀n kẹ́yìn, ìyẹn kí Iléyá tó dé.

Òjúde Ọba ló kó mi sí wàhálà yìí. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí àwọn ọmọ ìdílé Balógun lórí ẹṣin, mo padà délé, oorun ò kùn mí. Ìyàwó mi rò pé ibà ni, ó lọ ra oògùn.

Nígbà tó ṣe, mo ra ẹṣin kan tí wọ́n kó wá láti Kano. Pupa ni, ọmọ ọdún 9, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin Sudan wà lára rẹ̀. Ìjì ni mo sọ ọ́. Gàárì tó bá a wá ni gàárì àwọn Hausa, tí iwájú rẹ̀ ga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ náà ga, tí wọ́n fi awọ pupa àti awọ aláwọ̀ ewé dárà sí. Bí èèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó gorí oyè. Kò sí ohun tó ṣe é bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Ìjì fo igi, èmi náà ò sì fẹ́ kẹ́yìn. Ọparun ni a gbé lé orí táyà, kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Láàárọ̀ Sátidé, èmi tàbí òun a gùn ún wọ inú oko, èkejì a fi ọ̀kadà tẹ̀ lé e: àpáta, koríko tó kan àyà ẹṣin, odò kékeré méjì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀.

Lóṣù tó kọjá ni mo ra gàárì òyìnbó kan l'Ékòó, tòkunbọ̀, aláwọ dúdú. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n jókòó lé e nínú ṣọ́ọ̀bù, ó wò mí níwá-lẹ́yìn, ó ní 17½ ni ìdí mi ń fẹ́, 17½ náà sì ni. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ má bi mí ní iye tí mo rà á, ìyàwó mi máa ń ka ibí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Ìjì fi yí padà. Bí mo bá ti ń fa ọ̀já abẹ́ ikùn rẹ̀ le, á pa etí dẹ́yìn, á gbé ẹnu sí apá mi. Ó ti gé mi jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ní Sátidé tó kọjá, a sáré dé ibi ọparun: igi dúró, Ìjì dúró, èmi nìkan ni mo fò. Màláàmù tó ń tọ́jú rẹ̀ ní agídí ni, kí n máa nà án. Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé kí n lọ ra ojúlówó gàárì ìfò ni, àbí èyí tó wà láàárín méjì, tí a lè fi fò tí a sì lè fi rin ọ̀nà oko? Ṣé awọ ló dáa fún òjò tiwa yìí, àbí onírọ́bà? Bí gàárì bá sì bá ìdí mi mu rẹ́gí báyìí, kí ló tún kù?

Ọmọ Balógun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o! Ẹ̀yin Ẹ̀gbá náà, ẹ fi Olúmọ sílẹ̀, ẹ wá ń bá wa du ẹṣin.

Ohun tí àwa máa ń ṣe nílé wa ni pé ẹ ra fóòmù, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ gàárì, ẹ wá fi aṣọ lé e. Tó bá ti nípọn, kò ní dùn ún mọ́. Ní ti fífò, èmi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹṣin tiwa kì í fò, ijó ló ń jó.

Ìyá Tolú

Ọmọ Balógun, rọra. Bí bàtà bá ń fún ọ lẹ́sẹ̀, ṣé ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo máa wọ̀ sí i?

Awọnlẹ̀, àbúrò mi, mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ sójà ni mí, Kàdúná ni mo ti kọ́ ẹṣin gígùn kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìbarà ni mò ń gbé báyìí, ẹṣin mi méjì wà lápá Alábàtà. Gàárì mẹ́rin ni mo ti rà ní àràgbé láyé mi, ìdí nìyí tí mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ mọ̀ ju Màláàmù lọ. Má na ẹṣin yẹn. Ẹṣin tó ń fò tẹ́lẹ̀, tó wá dúró lójijì níwájú igi, tó tún ń géni jẹ bí wọ́n bá ń dì í ní gàárì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó bá fò, ìwọ̀n rẹ á padà já lé e lẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá balẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí yóò dùn ún níbẹ̀. Ìwọ náà á dúró.

Ẹni tó ta gàárì fún ọ wọn ìdí rẹ. Ta ló wọn ẹ̀yìn Ìjì?

17½ tí wọ́n sọ yẹn, ínǹṣì ni. Láti orí ìṣó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú gàárì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí ẹni tó jókòó lé e nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Inú gàárì ní egungun, ti igi tàbí ti ike líle, tí apá rẹ̀ méjèèjì là níwájú bí ẹsẹ̀ ẹni tó ya kàtà. Egungun yìí ni ẹṣin ń gbé. Bí ó bá há jù, á máa fún un lẹ́yìn èjìká. Bí ó bá fẹ̀ jù, iwájú gàárì á rì, á lọ jókòó lórí gegele tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Èkejì yìí ni mo fura sí, torí ọ̀pọ̀ ẹṣin Sudan tí mo ti rí ni gegele wọn ga tí ẹ̀yìn wọn sì tín-ín-rín, gàárì tí wọ́n ṣe fún ẹṣin òyìnbó sanra-sanra kò lè bá a mu. Ṣùgbọ́n ìfura lásán nìyẹn, mi ò tíì rí Ìjì.

Ìwọ tó jẹ́ awọnlẹ̀, iṣẹ́ rẹ dé. Wá wáyà tó rọ̀ díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkọ́ aṣọ. Fi ọwọ́ wá egungun èjìká rẹ̀, kí o sún ìka mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni iwájú gàárì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe orí èjìká gan-an bí gbogbo yín ṣe máa ń gbé e. Tẹ wáyà náà mọ́ ọn lára níbẹ̀, láti apá kan dé èkejì. Rọra gbé e kúrò, má jẹ́ kó tẹ̀, yà á sórí páálí, gé páálí náà, kí o wá kì í bọ abẹ́ iwájú gàárì. Bí àyè bá wà lókè tí páálí kan ara gàárì nísàlẹ̀, gàárì há. Bí ó bá jẹ́ pé òkè ló ń kàn, tí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gàárì fẹ̀. Tún wọn àárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìparí ibi tí gàárì dé. Mẹ́ta lápapọ̀.

Lẹ́yìn náà, gbé gàárì lé ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, má tẹ́ aṣọ sí i. Gbé e síwájú díẹ̀ kí o fà á sẹ́yìn títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Kí ìwọ gùn ún, kí ọmọ rẹ ki ìka bọ àárín gegele àti gàárì. Ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ ráyè wọlé nígbà tí ìwọ̀n rẹ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí gàárì ṣófo. Kó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí gàárì, ìyẹn tìmùtìmù tó sinmi lé ẹ̀yìn ẹṣin, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tí àárín ṣófo, gàárì ń ṣe afárá, ibi mẹ́rin péré ló ń gbé gbogbo kílò 94 yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àárín nìkan ló kàn, á máa mì bí ọmọ ọlọ.

Wo gígùn rẹ̀ náà. Ẹṣin ní egungun ìhà 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wá èyí tó kẹ́yìn, fi ìka tẹ̀ lé e gòkè dé ẹ̀yìn rẹ̀. Gàárì kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ìdí ńlá lórí ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ẹjọ́ tó le ni, mo ti rí i tó tú àwọn ọ̀rẹ́ méjì ká.

Ní ti irú gàárì. Má ra ojúlówó gàárì ìfò. Ìjókòó rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀, ìyẹn awọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹni máa ń sinmi lé, nà síwájú gan-an kí orúnkún tó ká lè ráyè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá a fún. Látijọ́, bí ẹṣin bá ń fò, ńṣe ni àwọn òyìnbó máa ń rọ̀ sẹ́yìn lórí rẹ̀. Sójà ẹlẹ́ṣin ará Ítálì kan, Federico Caprilli, tó kú ní 1907, ló fi hàn wọ́n pé kí wọ́n ká irin ẹsẹ̀, ìyẹn irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kúrú, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n gbé ìdí sókè, kí ẹṣin lè rí ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀ lò. Torí ìyẹn ni etí gàárì ìfò fi nà síwájú. Torí ìyẹn náà ni gàárì Hausa rẹ kò fi yẹ fún fífò: bí o bá tẹ̀ síwájú, iwájú rẹ̀ á gún ọ níkùn.

Sẹ̀ǹtímítà 60 kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ra gàárì ìfò. Èyí tó wà láàárín ni kí o rà, ṣùgbọ́n kí o mú èyí tí etí rẹ̀ nà síwájú díẹ̀. Ìwọ tí itan rẹ gùn, bí orúnkún rẹ bá yọ kọjá etí gàárì, á máa tì ọ́ sẹ́yìn, wàá sì jókòó lé ibi tí kò yẹ. Àwọn tó ga máa ń rò pé ìdí tó tóbi ni àwọn ń fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé etí tó gùn ni. Fún inú oko, rí i pé ìrọ̀rí abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Wákàtí mẹ́ta lórí àpáta kò jọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọparun. Bí o bá fẹ́ fò, ká irin ẹsẹ̀ sókè ní ihò méjì tàbí mẹ́ta. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dá a padà.

Ọmọ rẹ á lè lo èyí tó tóbi díẹ̀ fún un. Bàbá ni kò lè lo èyí tó kéré.

Nǹkan kan tí n kò ní gbàgbé láéláé: rí i pé irin ẹsẹ̀ fẹ̀ ju bàtà yín lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀. Ibi tí awọ irin ẹsẹ̀ ti kọ́ mọ́ gàárì ní ẹnu kékeré kan tó ṣeé tì. Má tì í. Bí ẹ bá ṣubú, awọ náà gbọ́dọ̀ lè yọ bọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹṣin wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan nílẹ̀ ní Kàdúná lójú gbogbo wa.

Kí o tó ṣe gbogbo èyí, jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ ẹ̀yìn Ìjì wò. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ọ. Kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Aláwọ Ìṣọ̀nà

Mo kí Màmá, mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀yọ́ ni mo wà, iṣẹ́ awọ ni wọ́n bí mi bá. Màmá ti sọ tán nípa ẹ̀yìn ẹṣin, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni Bọ̀dá Awọnlẹ̀ rà, èmi sì ti tú gàárì tòkunbọ̀ tó pọ̀.

Ẹ gbé e, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ikùn yín, ẹ di iwájú rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ó lè rọ̀ díẹ̀, torí àwọn kan ní irin tó ń fì nínú. Ṣùgbọ́n bó bá dún kẹ̀ẹ̀, tàbí tí àárín ìjókòó rẹ̀ ká jọ, egungun rẹ̀ ti kán. Ẹ tún fún apá méjèèjì iwájú pọ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Èyí tó bá ti kán, ẹ má gbé e wá fún mi pé kí n rán an. Mo máa gba owó yín, kò sì ní jinná.

Ẹ ká etí gàárì sókè, ẹ ó rí awọ mẹ́ta tí wọ́n fi ń so ọ̀já ikùn. Ní ọ̀pọ̀ gàárì, lára ọ̀já kan nínú gàárì ni wọ́n rán àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n rán méjì tó kù pọ̀ mọ́ òmíràn. Nítorí náà àkọ́kọ́ àti ọ̀kan nínú méjì yẹn ni kí ẹ máa lò. Bí òwú ọ̀kan bá já lójú eré, èkejì á ṣì dì yín mú. Òwú ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, kì í ṣe awọ. Ẹ fi èékánná họ ọ́ wò.

Òjò Abẹ́òkúta kò yàtọ̀ sí tiwa. Gàárì aláwọ tí ẹ gbé sínú yàrá tí atẹ́gùn kò wọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti hu funfun bí èèbù iṣu tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ awọ nù ún, ẹ gbé e sí ibòji kó gbẹ, ẹ má sá a sóòrùn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi òróró awọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń bu òróró lé e bí ẹni ń dín àkàrà, awọ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, òwú á sì jẹrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ odò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, onírọ́bà ni kí ẹ rà. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó o. Àwọn kan wà, irú bíi Wintec, tí ẹ lè tú irin iwájú wọn kí ẹ fi èyí tó fẹ̀ tàbí èyí tó há sí i, tí egungun rẹ̀ á fi bá ẹṣin mu. Ẹ má sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo sọ ọ́.

Awọnlẹ̀ Ìtokò

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, ẹ má bínú. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣeun, Mà.

Dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ láti gegele dé ìdí. Nígbà tó dé iwájú, Ìjì rì sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi iná kàn án. Ó ní iṣan ibẹ̀ ti wú, egungun kò ṣe nǹkan kan, kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún fi ibi méjì tí irun ti funfun hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gegele rẹ̀, tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti rò pé àmì ara rẹ̀ ni. Ó ní ibi tí gàárì ti pa á lára rí ni irun ti ń funfun bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó hù. A jẹ́ pé gàárì Hausa wa náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, èmi tí mo gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Wáyà ńkọ́? Òkè ló kàn, ẹ̀gbẹ́ ṣófo. Gàárì fẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Nígbà tí mo gùn ún, ọmọ mi gbìyànjú láti ki ìka kan bọ ibẹ̀, ó pariwo, ìka rẹ̀ há. Ìka kan ṣoṣo o! Lórí ẹṣin tí mo ti mú fo igi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ bẹ Ìjì. Màláàmù ń wò mí.

Egungun inú rẹ̀ kò kán, òwú rẹ̀ le. Gàárì dáa, ẹṣin ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Ọmọ Balógun

Màmá, bó bá jẹ́ pé ó fẹ̀ ni, a jẹ́ pé fóòmù mi kò burú tán nìyẹn?

Ìyá Tolú

O gbá mi mú díẹ̀. Bí gàárì bá fẹ̀ díẹ̀ jù, wọ́n ní ìtẹ́lẹ̀ tí a lè ki nǹkan bọ iwájú rẹ̀ nìkan, a fi ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀ títí ara ẹṣin yóò fi kún. Fóòmù tí o ṣẹ́ po, tó tún gbé ẹ̀yìn gàárì sókè pẹ̀lú iwájú, kò tún nǹkan kan ṣe. Èyí tí ìka kan kò wọ̀ yìí sì kọjá ohun tí ìtẹ́lẹ̀ lè gbà.

Awọnlẹ̀, bí o bá rí òmíràn, má sanwó tán kí o tó gbé e lé ẹ̀yìn Ìjì. Àní kí o gùn ún kó làágùn, kí o tú gàárì, kí o wo òógùn náà. Ibi tó bá gbẹ láàárín ibi tó tutù, ibẹ̀ ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí ibi tí kò ti kàn án rárá.

Awọnlẹ̀ Ìtokò

Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ kò dá owó padà, mi ò sì bá a jà, torí èmi náà ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí onírọ́bà kan lọ́wọ́ obìnrin kan l'Ékòó, 17½, etí rẹ̀ nà síwájú, irin iwájú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Ó gbà kí n fi owó sílẹ̀, kí n gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dókítà bá pé ni mò ń lọ gbé e.

Páálí mẹ́ta náà ti wà nínú búùtù mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mi. Mo kọ ìwọ̀n sí etí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi ṣí búùtù láàárọ̀ yìí láti kó iṣu sí i, ó gbé ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ilẹ̀ ta ló rí wọ́gọwọ̀gọ báyìí.